Òrí Inú Ìbọn Ìṣeré

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdí ewìrì, ẹ kú ooru iná. Èmi Ràfíù, àkọ́bí yín, ni mo dọ̀bálẹ̀ láti Houston yìí. Màmá mi, mo kí yín o. Mo rí òrí tí ẹ fi rán Alájà sí mi gbà, òun gan-an ló sì bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin àbúrò Bàbá mi ní Ìgbòho, àti gbogbo ọdẹ tó ń gbé ìbọn wá fún àtúnṣe, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Sidikat, àbúrò mi, ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí fún Bàbá. Jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, bí ojú tilẹ̀ ń tì ọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà ilé wa sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa níbí. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí tẹlifóònù. Ká tó kí ara wa tán, káàdì ti parí. Mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà níbí ló ní irú ìbéèrè yìí fún bàbá wọn, ojú ló ń tì wọ́n.

Iṣẹ́ mi ṣì wà ní ilé ìkẹ́rù lẹ́bàá pápákọ̀ òfúrufú, lápá Humble. À ń já ẹrù, à ń di ẹrù. Wọn kì í bá èèyàn jà níbẹ̀, wọn kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ooru ibí kò kéré, ṣùgbọ́n inú ilé àti inú mọ́tò tutù nini, torí náà ẹnikẹ́ni kì í jókòó síta. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á rò pé mọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo máa ń rí àwọn èèyàn wa ní mọ́sáláṣí. A ó bọ ara wa lọ́wọ́, a ó béèrè ilé lọ́wọ́ ara wa, kí n sì tó wọ bàtà tán, kálukú ti gba fíríwèé, títì ńlá ibí, lọ bá ìyàwó àti ọmọ ní Pearland. N kò bá wọn bínú. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Sọ́ńdè ló burú jù. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, mo kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wa, ohùn mi há, kò jáde. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé n kò tíì la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá, mo dá wà. Tí mo bá sọ fún yín lórí tẹlifóònù pé ara mi le, irọ́ kọ́. Ti ara ni mo ń sọ, n kò sọ ti ọkàn.

Ọmọ ilẹ̀ Vietnam kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Minh lorúkọ rẹ̀. Òun ló ní kí n wá bá òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ṣeré ní Sọ́ńdè, lórí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Rosenberg, níbi tí igbó díẹ̀ wà. Ìbọn ìṣeré ni wọ́n ń lò, èyí tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Ọta rẹ̀ jẹ́ ike róbótó tó kéré ju ẹ̀wà lọ. Kì í wọ ara, ó kàn ń dunni bí ìgbà tí ìjàlọ bá géni jẹ. Wọ́n á dé awò sójú, wọ́n á pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n á máa dọdẹ ara wọn kiri. Ẹni tí ọta bá bà gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sókè, kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbà ọkùnrin ni gbogbo wọn o. Mo ní n kò ní ìbọn. Ó gbé ọ̀kan tó ti bàjẹ́ fún mi, tí gbogbo inú rẹ̀ tú ká sínú páálí bàtà, ó ní tí mo bá lè tò ó, tèmi ni.

Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ alágbẹ̀dẹ ìbọn?

Ì bá wù mí kí ẹ rí inú rẹ̀. Bátìrì á yí ẹ́ńjìnnì kan tí kò ju àtàńpàkò lọ, ẹ́ńjìnnì á yí àwọn jíà kéékèèké, jíà á fa ike kan tó ní eyín sẹ́yìn, òun àti sípíríǹgì. Tó bá jù ú sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa ti ọta jáde. Kò sí ẹ̀tù, kò sí iná. Ewìrì kékeré ni, ká má parọ́. Mo fẹ́ kí tèmi ta jìnnà ju tiwọn lọ, mo bá ra sípíríǹgì tó le. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, eyín ike náà sì ká dànù. Minh rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá fi kún ẹrù gbọ́dọ̀ fi kún agbára ẹni tó ń rù ú. Mo ní bàbá mi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. A ránṣẹ́ sí Hong Kong fún èyí tó ní eyín irin, a fi wáyà tó nípọn sí i, a fi bátìrì tó tóbi sí i. Igi ìdí rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi gbẹ́ ẹ, láti ara pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé níbi iṣẹ́, bí ẹ ṣe máa ń gbẹ́ ti àwọn ọdẹ, tòun ti ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé. Kí gbogbo rẹ̀ lè máa yọ̀, mo fi òrí Màmá pa àwọn jíà náà, torí òrí ni mo rí tí ẹ fi ń pa ìbọn láti kékeré mi.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Minh rí i, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni ń gba ọmọ tuntun. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá sílé mi nírọ̀lẹ́ kí n bá wọn tún un ṣe. Mo se ìrẹsì, ata ta wọ́n, imú wọn ń dà, wọ́n sì tún ń bu sí i. Àga méjì péré ni mo ní, àwọn yòókù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilé mi kún fún ariwo. Bàbá, inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ rántí ohun tí mo mọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí Tiamiyu ọmọṣẹ́ yín gbé igi ìdí ìbọn lásán, tí kò tíì ní irin, tó ṣe bí ẹni fẹ́ yìnbọn lu ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ gba gbogbo irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó lọ pe bàbá rẹ̀ wá. Ẹ ní, “Ọwọ́ tó bá na ìbọn sí ọmọ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.” Gbogbo àwa tó wà ní àgbẹ̀dẹ la gbọ́.

Sọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ sí igbó, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bí ibí ṣe rí nìyẹn: lánàá èèyàn wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, lónìí eyín ń gbá ara wọn. Mo lúgọ sẹ́yìn igi kan tó wó. Minh fúnra rẹ̀ ló jáde síwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbé ìbọn sókè. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo rántí yín, Bàbá. Mo sì fà á.

Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ó há. Òrí ti dì nínú rẹ̀. Nílé, tí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa ń gbé igbá òrí súnmọ́ iná kí ẹ tó fi pa ohunkóhun. Èmi gbàgbé pé kò sí iná àgbẹ̀dẹ níbí. Minh yíjú, ó yìnbọn tirẹ̀, ọta bà mí léjìká. A tú ìbọn náà palẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, wọ́n rí nǹkan funfun, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ni. Mo ní ìpara ìyá mi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Orí fíríwèé, nígbà tí mo ń padà bọ̀, ni omi ti bọ́ lójú mi.

Ìbọn ni kò dáhùn, Bàbá. Èmi ti fà á ní tèmi. Mo bi Alfa wa níbí. Wọ́n ní eré ni, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa, ṣùgbọ́n tí ọkàn mi kò bá balẹ̀, kí n bi bàbá mi tó ṣòfin. Látìgbà náà, tí Minh bá pè mí, mo máa ń ní ara mi kò yá. Sọ́ńdè tó kọjá, tẹlifóònù kò dún rárá. Mo gbé e sétí kí n lè mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Minh ti fún mi ní gíríìsì tí òtútù kì í mú dì. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, n kò tíì ṣí i. Mo ti nu òrí kúrò lára jíà, mo sì fi èyí tó kù nínú ike pa ọwọ́ mi tí òtútù ti bó. Gbogbo yàrá ń run bíi yàrá Màmá.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí: ṣé ìbọn tí kì í pani náà wà nínú òfin yín? Tí ẹ bá ní kí n máa lọ, n óò lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Tí ẹ bá ní rárá, n kò ní jiyàn. N óò dá a padà fún Minh, tòun ti igi ìdí tí mo gbẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ rárá ni, Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ẹni tí n óò máa bá ṣeré ní Sọ́ńdè.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtàgbà àtèwe. Iná àgbẹ̀dẹ yín kò ní kú. Ọlọ́run Ọba yóò jẹ́ ká fojú kan ara wa láìsí ìbànújẹ́, yóò sì pa Màmá mọ́ fún wa. Sidikat, tó o bá kà á tán tí Bàbá dákẹ́, má sọ ohunkóhun. Ṣáà jókòó tì wọ́n fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíù