Omi Ìṣanwọ́ Bàbá Sàláúdéènì

Talladjé,
B.P. 2117,
Niamey.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Kejì, 1979.
Ọyẹ́ mú, eruku kò jẹ́ kí oòrùn yọjú.

Jàfárù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ìfaradà aginjù. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ìwakùsà Arlit kò gba gbogbo okun rẹ tán? Kí o tó ka ìyókù, mọ̀ pé Tàíbátù, ọmọ rẹ, wà láàyè, ó sì ti ń mu ọmú. Mo kọ ìyẹn ṣáájú nítorí pé àyà mi kò tíì balẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, a jẹun pọ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Sàláúdéènì, olórí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín. O mọ ìṣe wa: abọ́ omi kan ni. Bàbá á kọ́kọ́ ṣanwọ́, omi náà á máa ti ọwọ́ àgbà sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Bàbá ti ń bì láti òru, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí a fi jẹun tán. Mọ́rìlíátù ìyàwó rẹ ló ṣanwọ́ kẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ náà bọ́ ọmọ.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, ọmọ ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn obìnrin agboolé ní kí a má fún un lómi mọ́, pé omi náà ló ń ṣàn jáde. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lánàá, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ń sunkún láìsí omijé. A gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Hàwáù figbe ta. “Omi lẹ fi ń dù ú? Àìsí omi ló ń pa á lọ!” Ó ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ni, pé kápúsù ọjà kò ràn án. Ó ní kí a po ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, tí a gé lórí dọ́gba, mọ́ lítà omi sísè kan. Kí a máa fún un ní ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bì, kí a sinmi díẹ̀, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Kí a má dá ọmú dúró. Bí kò bá tọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, kí a gbé e padà wá kíákíá.

Ó wá bi mí bí a ti ń fọwọ́. Mo ṣàlàyé. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Yàá! Ìgbẹ́ àgbà lẹ fi ń ṣanwọ́ fún ọmọdé?”

Títí di báyìí, ara mi ń bù mí.

Ní àárọ̀ yìí, mo rọra bá Bàbá sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín níṣojú èrò. “Ọmọ iléèwé Pólì, ọwọ́ mi ló wá ń rùn? Omi tí a fi tọ́ ọ dàgbà náà ni. Gbé Tàíbátù wá ní Jímọ̀, kó wá jẹ sàárà ìdúpẹ́ lọ́dọ̀ mi.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé ní àkókò sójà yìí, òun ló ń dúró fún wa lọ́dọ̀ ìjọba, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ta kò ó.

Bá mi kí Àbdùlkàdírì, alábàágbé rẹ. Ọṣẹ ni kí ẹ fi máa fọwọ́ lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ àti kí ẹ tó jẹun. Kí ẹni tí inú ń run má sì dáná fún yín.

Mo ti pinnu. Ní Jímọ̀, kí wọ́n tó gbé abọ́ jáde, èmi yóò dìde pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá àti ọṣẹ. N ó kúnlẹ̀, n ó da omi sí Bàbá lọ́wọ́, n ó sì da á fún olúkúlùkù títí dé orí ìyàwó rẹ. Bí ó bá lé mi jáde, ọmọ rẹ ni n ó gbé dání lọ. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìwọ.

Èmi tí mo ń ṣọ́ ilé dè ọ́,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ṣàmsúdéènì