Àléébù Rẹ Tí Mo Kọ Ránṣẹ́ Sí Ọ̀gá Rẹ

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú,
Ìbàdàn.

Mutmainnah ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn o. Ṣé ara rẹ le, ṣé Èkó ń gbè ọ́? Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò máa tutù fún ọ, a ò ní gbúròó aburú nípa rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń da bàbá rẹ láàmú ti ń san, ó ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí. Waliyat ọmọ iṣẹ́ mi ti mọ aṣọ rán wàyí, àfi pé apá òsì ṣì máa ń gùn ju apá ọ̀tún lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí o pè mí fún ni mo fi ń kọ̀wé. O ní o fẹ́ wọ ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hilda nílùú òyìnbó, àwọn tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ injíníà kọ̀ǹpútà, kí o lè kàwé kún digirí rẹ. Mo ti rán aṣọ iṣẹ́ búlúù kan fún ọ, pẹ̀lú àpò ńlá tí o ó máa kó sùpánà sí, torí gbogbo injíníà tí mo mọ̀ ládùúgbò wa, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí. Àmọ́ nígbà tí o wá ní wọn yóò máa sanwó fún ọ lóṣooṣù, àyà mi já. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́, òbí ló ń sanwó fún ọ̀gá. Ọ̀gá wo ló ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́, bí kì í bá ṣe gbọ́mọgbọ́mọ?

O tún ní o ti kọ̀wé sí i pé o já fáfá, pé o máa ń fara balẹ̀. Ìtìjú bá mi. Ta ló ń yin ara rẹ̀ níwájú ọ̀gá? Níbí, òbí ló ń mú ọmọ lọ, òbí náà ló ń ka àléébù ọmọ sílẹ̀, kí ọ̀gá má baà sọ lọ́la pé wọ́n tan òun jẹ. Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Ishaq lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tẹ̀wé ní Mápó, mo ní kó bá mi kọ àléébù rẹ lédè òyìnbó. Àdírẹ́sì ímeèlì obìnrin náà wà lábẹ́ fọ́tò rẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Mo ní kí Hilda má bínú, ọmọ mi kì í tètè jí. Mo ní o tú rédíò bàbá rẹ láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, rédíò náà ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Mo ní o máa ń jiyàn. Mo ní bí nǹkan bá le fún ọ, o kì í sọ, ńṣe lo máa ń dákẹ́ tí o ò ní jẹun, nítorí náà kó tètè wá ẹ̀bà fún ọ. Mo wá bi í bóyá wọ́n ń na ọmọ iṣẹ́, àti bóyá ó máa ń jẹ́ kí wọ́n wálé ọdún Iléyá.

Mo rò pé èsì yóò pẹ́, torí ọ̀nà jìn, àmọ́ kí n tó délé ni Ishaq ti ń pè mí. Obìnrin náà ní òun ti mú ọ kí ìwé mi tó dé, pé ìsinsìnyí ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ẹni tí òun mú. Ó ní yunifásítì ló ń sanwó, pé wọn kì í na ẹnikẹ́ni, o sì lè wálé ọdún. Ó bi mí pé kí ni ẹ̀bà.

Kí n má purọ́ fún ọ. Bí mo ṣe ń ka àléébù rẹ fún Ishaq, mò ń gbàdúrà nínú mi pé kí obìnrin náà ní òun ò ṣe mọ́, kí o padà wálé wá gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Mo sunkún nígbà tó gbà ọ́, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá ẹkún ayọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ gbogbo ìyẹn tó ṣì ní kí o máa bọ̀, mi ò lè bá a jà. Máa lọ.

Bí owó oṣù rẹ bá jáde, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Owó dátà ni kó pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí ohùn rẹ nìkan ò ní tó mi mọ́, ojú rẹ ni mo fẹ́ máa rí.

Ọlọ́hun yóò ṣíwájú rẹ, yóò sì wà lẹ́yìn rẹ. Òun ni mo kọ́kọ́ fà ọ́ lé lọ́wọ́, kí n tó fà ọ́ lé Hilda lọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.