Pẹ́ńsùlù Kọ́ Ni A Fi Ń Wọn Orí Àgbẹ̀

Agboolé Ògúnkànmí,
Lẹ́yìn Ojú Irin Rélùwéè,
Ifọ̀,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2008.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ọpọlọ àti Ẹ̀rọ Amọ́wọ́ṣiṣẹ́,
Yunifásítì Gbágùúrá,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀,

ORÚKỌ MI TÍ WỌ́N YỌ KÚRÒ LÁRA ÀWỌN TÍ YÓÒ GBÉ ÌBỌ̀WỌ́ Ẹ̀RỌ RELÉ

1. Orúkọ mi ni Láwàlì Ògúnkànmí. Àgbẹ̀ ni mí, àgbẹ̀ ló bí mi, ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo sì ti lò láyé. N kò jókòó sílé ìwé rí fún ọjọ́ kan. Tíṣà Morádéyọ̀, tó háyà yàrá nínú agboolé wa, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, òun ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe bomi là á.

2. Oṣù kẹta ọdún yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá mi wólẹ̀ níbi tí mo ti ń wa ẹ̀gẹ́ lóko. Apá òsì ló mú. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì dì pa bí ẹ̀ṣẹ́, kò ṣí mọ́. Sùwéébátù ìyàwó mi ló ń bá mi so okùn ṣòkòtò láràárọ̀. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ́ mú láti kékeré ni mí, ẹ ó mọ bí ìyẹn ṣe rí lára mi.

3. Ní oṣù kẹjọ ni àwọn èèyàn yín dé sí ilé ìwòsàn tó wà ní Ifọ̀ níbí. Dókítà Ìbíwùnmí ló ń yẹ bí ọpọlọ ṣe ń ronú wò. Ẹnjiníà Adéyẹ́misí ló ṣe ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ń bá wa na ọwọ́, wọ́n ń bá wa na ẹsẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí, pé kí dókítà àti ẹni tó ń jó irin pọ̀ jókòó sídìí tábìlì kan náà, kí wọ́n máa jiyàn lórí ìka ọwọ́ àgbẹ̀ kan. Inú mi dùn sí wọn nígbà náà, inú mi ṣì dùn sí wọn bí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka lẹ́tà yìí bíi ti ọ̀tá.

4. Ìbọ̀wọ́ dúdú kan ni ẹ̀rọ náà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn okùn náà sì wọnú àpótí kékeré tí bátìrì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á lẹ ohun kan mọ́ apá mi, wọ́n á ní kí n máa rò ó lọ́kàn pé mo fẹ́ ṣí ọwọ́. Bí mo bá rò ó dáadáa, ẹ̀rọ á gbọ́, á sì fa àwọn ìka ṣí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo pariwo débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Ìgbà mọ́kànlélógún la tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ, n kò sì pa ọjọ́ kan jẹ, títí kan ọjọ́ tí òjò gbé afárá onígi wa lọ, tí mo fi ọ̀pá tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú irin dé ilé ìwòsàn. Wọ́n bá mi wí pé ọkọ̀ ojú irin lè pa mí. Mo ní ó mọ mí, láti kékeré la ti jọ ń gbé.

5. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nìyí. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ni, ààwẹ̀ ni mo sì wà. Ẹnjiníà Adéyẹ́misí ní kí n ṣí ọwọ́, mo ṣí i. Ó ní kí n pa á dé, mo pa á dé. A ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà náà ló bojú wo àpótí rẹ̀, tó rí i pé kò sí iná kankan lára rẹ̀. Bátìrì ti kú kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ tún un ṣe.” Àtàǹpàkò mi àti ìka tó tẹ̀ lé e sún kúrò lára ara wọn. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ibi tí ẹyọ àgbàdo kan lè gbà kọjá lọ, ṣùgbọ́n àlàfo wà! Ẹnjiníà fò sókè, ó ń pariwo pé, “Ẹ̀yin lẹ ṣe é o, Bàbá! Kì í ṣe èmi!” Dókítà Ìbíwùnmí kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ń wo ìka mi bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Nígbà tí mo délé, Sùwéébátù kò gbà, ó ní ààwẹ̀ ló ń pa mí. Mo ṣe é fún un lójú. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ okùn ṣòkòtò.

6. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Dókítà Ìbíwùnmí ṣe ìdánwò ọpọlọ fún mi. Ó fún mi ní pẹ́ńsùlù. N kò fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù rí láyé mi títí di ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n ya aago, kí n kọ gbogbo nọ́ńbà sí i lára. Mo ya ohun róbótó kan, ó rí bí èso ẹ̀pà. N kò mọ nọ́ńbà kọ, kò sì sí aago nílé bàbá mi. Oòrùn, ìrun àti fèrè ọkọ̀ ojú irin la fi ń mọ àkókò. Ó gbé bébà tó kún fún ìlà wínníwínní síwájú mi, ó ní kí n fa ìlà mìíràn dábùú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu pẹ́ńsùlù náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bí a ti ń di àdá mú ni mo dì í mú. Ó ní kí n pe lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. N kò mọ̀ ọ́n pè láti iwájú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹ̀yìn. Ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà yìí. Mo dá a lóhùn pé ààwẹ̀ òní ló di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọ̀la sì ni ọjà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò mọ̀. Tíṣà Morádéyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo kàlẹ́ńdà fún mi ni: ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án gan-an ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, nítorí náà ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù ni ọjọ́ yẹn nínú kàlẹ́ńdà oyìnbó pẹ̀lú.

7. Ní ọjọ́ keje oṣù yìí, wọ́n ka orúkọ àwọn mẹ́jọ tí yóò gbé ìbọ̀wọ́ relé fún oṣù méjì. Wọ́n ka ti ará Àgbàdo, wọ́n ka ti ará Ajuwọ̀n, wọ́n ka ti ará Mówè. Wọn kò ka tèmi. Dókítà Ìbíwùnmí kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ìdánwò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ máa sinmi.” Mo ní kí ó ka ohun tí ìdánwò sọ sí mi létí. Ó kà á: “Kò lè tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà.” Mo bi í pé ta wá ni wọ́n ti ń tọ́ sọ́nà láti oṣù kẹjọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣí. N kò dìde lórí àga náà títí wọ́n fi ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ mi ká.

8. N kò ní parọ́ fún Ìgbìmọ̀. Ohun kan wà tí ìdánwò yẹn rí tó jẹ́ òótọ́. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti mú mi, mo lè jẹ ẹ̀bá tó wà lápá ọ̀tún àwo tán, kí n ní kí ìyàwó mi bu òmíràn wá. Yóò kàn yí àwo náà po ni, èyí tó kù á sì dé iwájú mi. Ìjà la fi ṣe nígbà àkọ́kọ́, mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lórí bébà onílà náà, apá òsì ni mo fò. Ojú mi kò fọ́, ọkàn mi ló ń gbàgbé òsì. Dókítà rí ìyẹn, mo sì kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn nìyẹn, òun gan-an ni mo gbé wá fún yín. Àìmọ̀ọ́kọ kì í ṣe àìsàn. Wọ́n da méjèèjì sínú apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n sì gbé apẹ̀rẹ̀ náà rù mí.

9. Nítorí náà mo ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà Adéyẹ́misí pé kó wá sí oko mi ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí. Ó wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé igba ebè la fi ń wọn iṣẹ́ oko lọ́dọ̀ wa: ogún ebè ní poro kan, poro mẹ́wàá. A kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Bí lébìrà bá ní òun ti kọ igba, olóko á rìn ín já, á fi ojú kà á, ẹnikẹ́ni kò sì lè rẹ́ ẹ jẹ. Igba kan wà nílẹ̀ tí àwọn lébìrà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Mo kọ ẹ̀yìn sí Ẹnjiníà, mo ní kó fi ọkọ́ tú èyí tó bá wù ú ká nínú wọn, kó má sọ iye rẹ̀ fún mi. Nígbà tó ṣe tán, mo gba àárín rìn. Bí mo bá ti ka márùn-ún, màá yí àgbọ̀n kan èjìká òsì kí n má baà gbàgbé ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ìyẹn ni ọgbọ́n tí àwọn èèyàn yín fúnra wọn kọ́ mi. Mo dé òpin, mo sọ fún un pé igba dín méje ló kù nílẹ̀, mẹ́ta ló tú lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ẹnjiníà jókòó lórí ebè kan, ó ní, “Bàbá, ẹ ti ba bàtà mi jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yege.” Ó ní irú ìdánwò yìí kò sí nínú ìwé wọn, ó sì yẹ kó wà. Àmọ́ ó ní àṣẹ láti yí máàkì padà kò sí lọ́wọ́ òun, ọwọ́ ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ nìkan ló wà. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

10. Èmi nìkan kọ́. Káfíńtà àgbàlagbà kan láti Ìbafọ̀, tí òun náà kò mọ̀ọ́kọ, tó ń fi ojú lásán mọ pákó tó wọ́, bébà yẹn náà ló lé e lọ. Ó ti gbà á ní kádàrá. Èmi kò gbà á. Ẹ tún wo ìpalára tó lè ṣe fún iṣẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ ń wá ọwọ́ tí ẹ̀rọ yín lè jí, ọ̀kan ti jí lójú yín ní Ifọ̀, ẹ sì fẹ́ lé e jáde. Ìwé tí ẹ óò kọ yóò wá sọ pé ẹni tó lọ sílé ìwé nìkan ni ẹ̀rọ náà ń ràn lọ́wọ́. Irọ́ ni yóò sì jẹ́, mo mọ̀, ọwọ́ mi mọ̀.

11. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni àwọn mẹ́jọ yẹn yóò gba ìbọ̀wọ́. Ẹnjiníà ti sọ fún mi pé bí ìka bá ń jí, a kì í dá a dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò padà sùn. Kí ọjọ́ náà tó pé, kí Ìgbìmọ̀ rán Dókítà Ìbíwùnmí àti ẹnikẹ́ni tó bá wù wọ́n wá sí oko mi, kí wọ́n fi ohun tí mo mọ̀ dán mi wò. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún káfíńtà náà pẹ̀lú pákó rẹ̀. Bí mo bá kùnà lórí ilẹ̀ tèmi, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé, Sùwéébátù lè dúró fún mi pé n kì í ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá yege, kí wọ́n gbé ìbọ̀wọ́ fún mi.

Wọ́n ní ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ a máa tẹ̀ka. Èyí tí ẹ rí nísàlẹ̀ yìí, àtàǹpàkò òsì ni. Kò sí ẹ̀rọ lára rẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fetí sí mi. Èmi ni tiyín, tí mo ń wo ọ̀nà yín,

(Ó tẹ̀ka)
Láwàlì Ògúnkànmí,
Àgbẹ̀.

Ẹ̀rí akọ̀wé: Èmi, Morádéyọ̀, olùkọ́, ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní bí àwọn ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ bá wọn gbé ọwọ́ lé ínkì, wọ́n kọ̀. Bébà márùn-ún ló bàjẹ́ kí ìka náà tó bọ́ sí ibi tó yẹ lórí ìkẹfà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé e.