Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ-Ọmọ Mi Pè Mí Jáde Nínú Iná

Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópó Kenari,
Ayer Itam,
Penang.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Ìsunòkú Bukit Seroja,
Penang.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ FAGI LÉ ÒFIN TÍ Ẹ FI DE YEAP XIN YU

1. Ní oṣù tó kọjá, gbọ̀ngàn yín ni a ti sun òkú ìyàwó mi, Saw Gaik Imm. Lẹ́tà yín tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé sọ pé Xin Yu, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí a ní, kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn náà fún ọdún kan gbáko, nítorí pé ó pariwo, ó sì gbá gíláàsì tó wà láàárín àwọn ọlọ́fọ̀ àti iná. Òótọ́ ni. N kò kọ̀wé láti jiyàn.

2. Ẹ mọ àṣà wa. Bí pósí bá ti ń wọnú iná, àwọn ọmọ a ké sí òkú pé kí ó sá, kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà jóná mọ́ ara. Èdè tí òkú gbọ́ ni wọ́n fi ń ké sí i. Nígbà tí ẹ rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wa kò gbọ́ Hokkien, èdè àbínibí wa, mọ́, tí wọ́n kàn ń dúró bí ère, ẹ gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó ń ké fún wọn ní Mandarin, èdè ilé-ẹ̀kọ́.

3. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ yín sọ̀rọ̀: "Ìyá wa ọ̀wọ́n, iná ti dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ." Mandarin tó dán mọ́rán ni. Ìyàwó mi kò gbọ́ Mandarin títí ó fi kú. Pósí ń lọ, gbogbo wa dákẹ́. Ni Xin Yu, ọmọ tí kò lè fi Hokkien ra ẹyin lọ́jà, bá sáré lọ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá gíláàsì, ó sì figbe ta ní Hokkien: "Kúrò nídìí iná yẹn! Olórí kunkun! Ṣé o fẹ́ jóná ni? Mo ní kí o sá!"

4. Òṣìṣẹ́ yín fà á sẹ́yìn. Ó ní, "Àbúrò, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ẹ̀rọ ti bá ẹ pè é!" N kò bá a wí. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó mi gan-an ni. Ohun tó máa ń pariwo mọ́ ọmọ náà ní kékeré nìyẹn, nígbàkigbà tó bá sún mọ́ agbada epo gbígbóná. Kò sí Hokkien mìíràn lẹ́nu Xin Yu. Èyí kan ṣoṣo tó kù, òun la nílò lọ́jọ́ náà, ó sì jáde láìkọsẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìyá àgbà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn arúgbó tó wá sun òkú tiwọn dá ẹkún dúró, wọ́n ń wò ó. Orí mi wú. Ó ṣì ń wú bí mo ṣe ń kọ èyí.

5. Ẹ̀bi náà, tèmi ni. Nígbà tí mo jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tó bá sọ Hokkien, pátákó ni mo ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Nínú ilé, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Gaik Imm, má fi èdè ọjà ba ọmọ yẹn lẹ́nu jẹ́." Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ní yàrá àlejò. Ní ilé ìdáná nìkan, bí iná bá dẹ́rù bà á, ló ń gbàgbé òfin mi.

6. Ẹni tí ẹ sì bẹ̀ pé kí ó wá fi ohùn sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ yín, èmi ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo dúró níwájú gíláàsì, mo gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń ké sí ìyàwó mi ní èdè tí kò gbọ́. Èmi tí mo gbọ́ Hokkien, ẹnu mi kò ṣí.

7. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́. Dókítà ní ọdún tuntun kò ní bá mi láyé. Mo bẹ̀ yín, ẹ tú Xin Yu sílẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí ó gbá gíláàsì. Bí ó bá pè mí ní olórí kunkun, orúkọ mi ni. Kí ó má ṣe jẹ́ pé ohùn ara mi nìkan ni n óò gbọ́ nínú iná.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, títí di ọjọ́ náà,
Yeap Cheng Hooi,
Olórí ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.