Èmi Ni Mo Jí Alùpùpù Ìyá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìfaradà ariwo ìlú ńlá tó ń di èèyàn létí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun yó, àbí tíì lásán lo ṣì fi ń lé ebi bíi tọjọ́sí? Èmi wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà, ìjà náà kò sì ju ti tọkọtaya lọ, òwúrọ̀ ló máa ń le, tó bá fi di ọ̀sán a ti parí ẹ̀. Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí etí kì í fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Àmín.

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Kò sí olè kankan. Alùpùpù ìyá rẹ wà nínú gáréèjì ẹ̀gbẹ́ ilé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí ni. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún àwọn ọlọ́pàá tí o pè pé o ti gbọ́ àlàyé, torí díẹ̀ ló kù kí wọ́n tì mí mọ́lé. Jẹ́ kí n rò ó láti orí wá, kí o má baà sọ pé ọjọ́ ogbó ti ń yọ bàbá rẹ lẹ́nu.

Ṣé o rántí pé ìwọ lo pè mí, tí o ní kí n ta irin yẹn fún onírin tó ń ti ọmọlanke kiri, kí n sì gba ayálégbé sí gáréèjì? Mo ní ó dáa. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, o kò wọ ilé yìí mọ́, o ní nígbà tí o rí alùpùpù yẹn lábẹ́ aṣọ lọ́jọ́ náà, ṣe ló dà bíi pé ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbé e. Mi ò bá ọ wí. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe èmi, àmọ́ èmi fẹ́ kó máa ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni.

Onírin dé lóòótọ́. Ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó fẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀, inú bí mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ kí alùpùpù agbẹ̀bí nìyẹn, alùpùpù tí ọkàn aboyún máa ń balẹ̀ bó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Mo sọ fún un pé kó padà wá ní ìparí oṣù, pé bí kò bá tíì ṣiṣẹ́ nígbà náà, kó máa gbé e lọ, mi ò ní bá a du ú. Àṣé ẹnu mi ni mo fi há ara mi mọ́.

Torí ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo ti ń gbàgbé ohùn ìyá rẹ. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, ojú rẹ̀ kò lè sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, àmọ́ fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Ìró alùpùpù yẹn ló máa ń ṣáájú ohùn rẹ̀ wọlé. Bí mo bá ti gbọ́ ọ ní kọ́nà, màá gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná, kó tó pa ẹ́ńjìnnì omi ti ń hó, á sì pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé télọ̀ òun dà, èmi náà á sì dáhùn. Mo rò ó pé bí mo bá rí ọ̀kan gbọ́, màá rántí ìkejì.

Mẹkáníìkì tó wà ní ìparí títì wa ni mo lọ bá, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Fẹ̀sọ̀ nítorí pé kì í fipá tú nǹkan. A ṣí aṣọ orí rẹ̀, a bá ilé eku lábẹ́ tánkì, adìyẹ ilé kejì sì ti sọ ṣíìtì di ìtẹ́, ó wò wá bí ẹni pé àwa la ṣì wọlé. Mo bi Fẹ̀sọ̀ pé ṣé ẹ́ńjìnnì ti kú ni. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹ́ńjìnnì kì í kú, ó máa ń sùn ni, tiwa yìí kàn sùn fọnfọn, a ó sì jí i. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ nìyẹn. Wọ́n á bi wá pé ṣé a ti jí i, a ó ní a ò tíì jí i. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, ibẹ̀ ni wàhálà ti wá.

Ohun tó yẹ kó máa lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ló lẹ̀ mọ́ ibi tó wà. Ẹlòmíì ìbá gbé òòlù. Fẹ̀sọ̀ yọ pulọ́ọ̀gì, ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, ó ní ká fún un láyè kó mu ún. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ọwọ́ tẹ kíkì rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń jí i, wò láràárọ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ o, ọwọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ tọ́ ọmọ tó sùn. Títí ó fi di àárọ̀ ọjọ́ kan tó gbà fún mi díẹ̀, mo fi igbe bọnu. Tánkì rẹ̀ ti dípẹtà, a da òkúta wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀ a ń mì í, ó ń pariwo débi pé obìnrin ilé kejì wá béèrè bóyá a ti dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ṣíìtì nìkan ni mi ò jẹ́ kí Fẹ̀sọ̀ fọwọ́ kàn. Télọ̀ ni mí, èmi ni mo rán an, mo sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju iwájú lọ, torí ẹ̀yìn ìyá rẹ ni mo máa ń jókòó, mo mọ ìwọ̀n ara mi. O rántí bí àwọn ọkùnrin àdúgbò ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó mi ló pọ̀n mí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Fóònù tí o rà fún mi náà kò gbẹ́yìn. Fẹ̀sọ̀ fi ọkùnrin kan hàn mí nínú ẹ̀ tó ń tún alùpùpù ṣe. Ọmọ náà mọṣẹ́, àmọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo máa ń kí i láràárọ̀, kì í dáhùn, tẹnu ẹ̀ ló máa ń sọ. Mo gbé kábúrétọ̀ wa síwájú ojú rẹ̀ kó bá wa wò ó, kò wò ó. Mo ní kó dúró kí n wá súkúrú kan tó bọ́ sábẹ́ tábìlì, kò dúró. Síbẹ̀ ohun tó bá ní ká ṣe là ń ṣe. Bó bá sì fẹ́ máa lọ, á ní ká má gbàgbé láti tẹ agogo. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, màá lọ sẹ́nu ọ̀nà iwájú, màá tẹ agogo ilé. Mi ò mọ ohun tó ń fi ṣe, àmọ́ ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í bi í nídìí. Ayálégbé tó ń gbé iwájú ilé ló máa ń sáré jáde wò ó bóyá àlejò dé, ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

Ìparí oṣù dé, alùpùpù kò jí. Onírin ti ti ọmọlanke rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, Fẹ̀sọ̀ ń tẹ kíkì, òógùn bò ó, ẹ́ńjìnnì kàn ń wúkọ́ lásán. Mo wo akoto tí ìyá rẹ máa ń dé bó bá fẹ́ gùn ún, lórí ìṣó tó gbé e kọ́, ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé kì í tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ á kọ́kọ́ gbé e dẹ̀gbẹ́ sọ́wọ́ òsì, tèmi tèmi lẹ́yìn, màá pariwo pé mo ń ṣubú o, á rẹ́rìn-ín mi tẹ́rùn, ìgbà yẹn ló máa tó gbé e nàró tẹ kíkì. Mo ti rò pé eré ló ń bá mi ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àṣé ó ń jẹ́ kí epo dé ẹ́ńjìnnì ni. Mo gun ẹ̀yìn, mo ní kí Fẹ̀sọ̀ gbé e dẹ̀gbẹ́. Ó gbé e, mo pariwo, torí ẹ̀rù bà mí lóòótọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ mi, ó jí. Ìró rẹ̀ gan-an ni, kò yàtọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo dé kíṣìnnì, ìgbà tí ojú mi máa wálẹ̀, mo ti gbé omi kaná. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete pé télọ̀ òun dà. Mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá arúgbó òdìkejì títì jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè pé ilé ta ni wọ́n ti ń rọbí. Onírin ṣí fìlà, ó ti ọmọlanke rẹ̀ lọ.

Nínú ayọ̀ yẹn ni mo gbé fóònù, tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ọ pé wọ́n ti jí alùpùpù ìyá rẹ nínú gáréèjì láàárọ̀ yìí, mò ń sunkún. Bí mo ṣe fi í ránṣẹ́ ni iná fóònù tán. Mo rò pé ìwọ náà á máa yọ̀ níbi tí o wà.

Àfi bí mo ṣe rí ọlọ́pàá méjì lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wọn bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé wọ́n jí alùpùpù níbí. Mo ní òótọ́ ni, ẹ ṣé tí ẹ wá bá wa yọ̀. Ó ní ta ló jí i. Mo ní èmi ni. Ó ní ta ló ràn mí lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ gba ògo ẹlòmíì, mo ní Fẹ̀sọ̀ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó bi Fẹ̀sọ̀ pé ṣé ó ti jí òmíì rí. Fẹ̀sọ̀ fọ́nnu pé àìmọye, pé kò sí títì kan ní àdúgbò yìí tí òun kò tíì jí alùpùpù. Bí wọ́n ṣe kó àwa méjèèjì lọ sí àgọ́ wọn nìyẹn.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ó béèrè pé kí ni mo pàdánù, kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, mi ò mọ̀ pé ìjọba máa ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Mo kọ ọ́ pé ìyàwó mi ni, kò ga, kò kúrú, ó ní èjí, ohùn rẹ̀ sì máa ń kún ilé. Fọ́ọ̀mù tún ní bí wọ́n bá rí i, ibo ni kí wọ́n mú un wá. Mo kọ àdírẹ́sì ilé wa, mo fàlà sí i nídìí. Ọ̀gá ọlọ́pàá kà á tán. Ó wá rọra bi mí pé bàbá, kí lẹ ń pè ní jí gan-an? Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, òun fúnra ẹ̀ ló gbé wa padà sílé, ó sì ní ká jí i kí òun náà gbọ́.

Owó tí o fi ránṣẹ́ pé kí n fi ra òmíì nígbà tí o rò pé olè gbé tiwa ṣì wà ní báńkì, mi ò tíì ná an. Mo lọ bá ẹ̀rọ inú ògiri tó ń san owó, kí n yọ ọ́ kí n dá a padà fún ọ. Ló bá ń bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi! Ìwọ lo kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà bó bá ní òṣìṣẹ́ báńkì lòun. Mo kọ̀ fún un. Ó tún béèrè, mo ní kó lọ bi ọmọ mi. Ló bá gbé káàdì mi mì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé olè gidi ni.

Ó wá ku ohun kan. Alùpùpù ti jí, kò sẹ́ni tó máa gùn ún. Ẹ̀yìn ni mo mọ̀ ọ́n jókòó sí, mi ò mọ iwájú. Fẹ̀sọ̀ ní òun á máa bá mi gùn ún jáde, mo kọ̀. Ìwọ ni ìyá rẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún nínú ọgbà yìí, tí mo ń sá kiri fún ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti nu akoto rẹ̀, o sì mọ̀ pé orí yín dọ́gba. Nítorí náà, owó tí mò ń tọrọ kò pọ̀, owó akoto kan péré ni, èyí tó máa gba orí tèmi, kí ọlọ́pàá yẹn má baà tún rí mi mú lẹ́yìn rẹ. Má fi sí báńkì o, ẹ̀rọ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọ̀nà tó gbé ìyá rẹ lọ gbẹ̀bí tó sì gbé e bọ̀ láyọ̀ á gbé ìwọ náà wálé. O kò ní pàdánù ohun tí fọ́ọ̀mù kò lè gbà. Bí o bá dé kọ́nà, bá mi pariwo díẹ̀, kí n lè tètè gbọ́. Mo ti pọn omi sínú kẹ́tùlù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.