Àṣẹ Pé Kí N Hú Igi Òdòdó Mi Kí Wolé-Wolé Lè Gbóòórùn Ṣáláńgá

Ilé Kejìlá, Òpópónà Alágbẹ̀dẹ,
Òkè-Ọsàn, Òṣogbo.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 1969.

Ọ̀gá Àgbà Àwọn Wolé-Wolé,
Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó Òkè-Ọsàn,
Òṣogbo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ WỌ́GI LÉ ÌWÉ TÍ Ọ̀GBẸ́NI ỌDÚNTÁN FÚN MI LÓRÍ IGI ÒDÒDÓ ILÉ MI

1. Èmi ni Ìyáàfin Susannah Ìbíjọkẹ́ Ògúnṣẹ̀yẹ, aránṣọ, ọmọ Iléṣà tó ti ń gbé Òṣogbo láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo kàwé dé Sítándáàdì Síìsì, èmi fúnra mi ni mo sì kọ lẹ́tà yìí. N kò háyà akọ̀wé, nítorí akọ̀wé a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì tún gba owó lé e.

2. Ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí ni mo kọ̀wé sí yín nípa ṣáláńgá Ọ̀gbẹ́ni Rájí Béjidé, onílé tó múlé tì mí. Yàrá mọ́kànlá ni ó fi sílẹ̀ fún ayálégbé, ṣáláńgá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Ó ti kún, ìdérí rẹ̀ sì ti jẹrà láti ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún ni ó fi jìnnà sí fèrèsé yàrá tí mo ti ń ránṣọ. Téèpù iṣẹ́ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Lọ́sàn-án, ojú títì ni àwọn oníbàárà mi ń dúró sí, tí wọ́n ń nawọ́ gba aṣọ. Ìyá Nọ́síràtù sọ ọ́ ní gbangba pé, “Àǹtí, iṣẹ́ ọwọ́ yín dára, ṣùgbọ́n òórùn ilé yín ń bá ẹ̀wù mi dé ilé.” Láti ìgbà náà, n kò rí i mọ́.

3. Nítorí ṣáláńgá yìí kan náà ni mo ṣe gbin igi òdòdó mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní ọdún 1962. Phebe, ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè kan, ló gé ọ̀pá wọn fún mi nígbà tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàdúná. Wọn kò gùn ju pẹ́ńsùlù lọ. Mo fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà sí ìdí wọn, mo sì fi ọparun ṣọgbà yí wọn ká nítorí ewúrẹ́. Lẹ́ẹ̀rùn, garawa omi kan ni wọ́n ń pín mu ní ọjọ́ kejì-kejì, ẹ sì mọ ohun tí garawa omi kan jẹ́ ní Òkè-Ọsàn lẹ́ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá ti tanná tán, mo ń fi àlùmọ́gàjí gé orí wọn kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka tuntun. Wọ́n ti ga jù mí lọ báyìí. Òdòdó wọn kéré, kò sì jọ nǹkan lójú, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, òórùn wọn a máa ta sánsán dé ìparí òpópónà. Lọ́sàn-án, wọ́n ti panu dé. Ẹ fi imú kàn wọ́n, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

4. Ọ̀gbẹ́ni Ọdúntán, wolé-wolé tí ẹ rán, dé ní ọjọ́ kejìlá, ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní iṣẹ́ kì í jẹ́ kí òun ráyè lọ́sàn-án. N kò bá a jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la mọ abẹ́ igi tí ó ti ń ta ayò. Kò dé àgbàlá Béjidé rárá. Àárín òdòdó mi ni ó dúró sí, ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí òórùn burúkú níbẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tilẹ̀ dára. Béjidé fara ti ògiri, ó ní, “Ìyá aránṣọ, ṣé ẹ gbọ́? Afẹ́fẹ́ wa dára.”

5. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọdúntán ní ọ́fíìsì, mo ṣàlàyé bí òdòdó náà ti ń ṣe fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wá lọ́sàn-án. Ó ronú títí, ó wá kọ ìwé kejì fún mi: níwọ̀n bí òdòdó mi kò ti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba gbóòórùn, kí n hú gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí, lẹ́yìn náà ni òun yóò wá gbóòórùn. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé Sítándáàdì Síìsì mi ni kò tó. Mo gbé e fún tíṣà ọmọ mi. Ó kà á, ó sì bi mí bóyá ara ẹni tó kọ ọ́ yá.

6. Ó tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òdòdó olóòórùn a máa fa ejò. Fún ọdún méje, n kò rí ejò kan níbẹ̀. Eṣinṣin ni mo ń rí, inú òdòdó kọ́ ni wọ́n sì ti ń bọ̀.

7. Ọkùnrin mẹ́ta lè gbẹ́ ṣáláńgá tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méje ni mo fi tọ́ igi mẹ́rin yìí. Àwọn kan a máa fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Ti Ọ̀gbẹ́ni Ọdúntán yàtọ̀, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, oògùn rẹ̀ ni ó fẹ́ pa.

8. Mo bẹ̀ yín, ẹ wọ́gi lé ìwé náà. Kí ẹ̀yin fúnra yín wá, tàbí kí ẹ rán ẹlòmíràn tí imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, láàárín aago méjìlá sí aago méjì, ní ọjọ́ tó bá wù yín kí gbèdéke náà tó pé. Kí ẹ sì pàṣẹ fún Béjidé kí ó gbẹ́ òmíràn, kí ó dí èyí tó kún.

N kò tíì gé ẹ̀ka kan. Bí imú bá ṣáájú dé, ohunkóhun tó bá gbọ́ ni mo fara mọ́. Bí àdá bá ṣáájú dé, kí ẹni tó mú un wá kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá iṣẹ́ mi ní ọ̀sán, èmi yóò bu oúnjẹ fún un. Bí ó bá lè jẹ ẹ́ tán, kí ó dìde, kí ó máa gé e lọ.

Mo dúpẹ́, mo sì ń retí ẹsẹ̀ yín.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,
S. I. Ògúnṣẹ̀yẹ (Ìyáàfin),
Aránṣọ, Òkè-Ọsàn.