Wọ́n Ti Gbé Mi Síwájú

Bàbá mi ọ̀wọ́n, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kò fi ọkọ̀ kan ẹnikẹ́ni rí,

Mo kí yín o. Mo ti ṣe àdúà fún yín ní mọ́ṣáláṣí lónìí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ lórí ẹní ìkírun. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Láti ìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti ń dìde lọ wo mọ́tò tí a gbé sórí tírélà kékeré níwájú ilé, bíi pé ẹnì kan fẹ́ wọ́ ọ lọ. Ara mi ò balẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe ìrántí àwọn ọ̀gá awakọ̀ tí a jọ sáré mọ́tò láyé ọjọ́sí, n ò sì tíì mọ̀ bóyá màá lọ.

Ẹ ò fẹ́ràn eré náà. Sitọ́ọ̀kì káà ni àwọn ń pè é, ẹ̀yin ń pè é ní ìjà àwọn wèrè. Mọ́tò àtijọ́ tí a ti yọ gíláàsì rẹ̀ kúrò, tí a fi irin yí ká bí àgò adìẹ, a ó máa fi sáré yípo pápá róbótó tí wọ́n ń lò fún eré ìje ajá. Ẹni tó bá dí ẹ lọ́nà, kí o fi bọ́ńpà gbá a dànù. Ẹ ní, “Àárọ̀ dalẹ́ lèmi ń wa ọkọ̀ ní Camberwell kó má baà kan ẹnikẹ́ni. Ìwọ wá ń wọṣọ, ò ń múra, o fẹ́ lọ kàn án.” Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti sọ ọ́ káàkiri Peckham, àwọn èèyàn rò pé èmi ni mo dá a.

Ṣùgbọ́n Bàbá, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo mọ̀ ọ́n wà. N ò ní fi ẹnu ara mi bú ara mi. Ọmọ tó dé ìlú òyìnbó yìí tí kò lè ka orúkọ òpópónà, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń tutọ́, òun náà ló wá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, tó ń na páànù mọ́tò títí wàá fi rí eyín rẹ nínú ẹ̀. Láti Peckham dé Lewisham, kò sí ẹni tó ń tún ara mọ́tò ṣe tí kò mọ ọwọ́ mi. Èyí tó wà lórí tírélà yìí, èmi ni mo jó irin rẹ̀, èmi ni mo kùn ún. Kò sí ẹni tó tì mí lẹ́yìn àfi Ọlọ́run àti ẹnu mi yìí.

Síbẹ̀, àwọn méjì kan wà tí mo lè pè ní ọ̀gá. Wọ́lì ni ọ̀kan, ará Lewisham, tó ń gbé mílíìkì káàkiri ojúlé. Bó ṣe máa ń gbé ìgò mílíìkì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ kó dún, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wa mọ́tò. Kò ní fọwọ́ kàn ẹ́ títí di kọ́nà tó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀ ló ti máa fi bọ́ńpà kàn ẹ́ pẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn, wàá kàn rí ara rẹ lára wáyà tó yí pápá ká. Èkejì ni Dẹ́ńìsì, alápatà tó ní ìsọ̀ ẹran ní Lordship Lane. Èyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ bíréèkì. Bó bá ti gbá ẹ jáde tán, á tún wá wò ẹ́ pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Ṣé ẹ̀sìn ẹ gbà kí èèyàn ti ọmọnìkejì ẹ̀ lu wáyà?” Mo ní, “Bó bá jẹ́ alápatà, ó gbà á.” Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára.

Àwọn méjèèjì ti lọ. Wọ́lì ló kọ́kọ́ lọ, Dẹ́ńìsì tẹ̀lé e nígbà òtútù tó kọjá. Pápá yẹn pàápàá ti lọ, ilé alájà púpọ̀ ni wọ́n kọ́ sórí ẹ̀. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan. Kọ́nà tí Wọ́lì ti máa ń kan èèyàn, obìnrin kan ń sá aṣọ ọmọ sí fèrèsé níbẹ̀. Mo dúró tí mo ń wò ó títí obìnrin náà fi wọlé. Ó lè rò pé olè ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí òfin eré náà, torí òun ló fa gbogbo èyí, ẹ ò sì gbà á gbọ́ nígbà ayé yín. Òrùlé mọ́tò ló ń sọ bí awakọ̀ ṣe tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, funfun ni wọ́n ń kun tirẹ̀, iwájú ni wọ́n sì ń tò ó sí. Bó bá ti ń mọ̀ ọ́n, á di yẹ́lò, á di búlúù. Àwọn ọ̀gá pátápátá ló ń gba pupa, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni wọ́n sì ń wà, kí wọ́n wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kọjá. Ẹ̀yìn ni àyè iyì wà. Wọ́lì pupa, Dẹ́ńìsì pupa, èmi náà pupa.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba pupa ni, mo bẹ̀ yín títí ẹ fi gbà. Gárééjì lẹ ti bọ́ tààrà, tẹ̀yin ti kóòtù bọ́ọ̀sì àti fìlà tó ní bájì irin níwájú. Ẹ jókòó. Ẹ wo iwájú, ẹ ò rí mi. Ẹ wo àárín, ẹ ò rí mi. Ìdí pátápátá lẹ ti rí mi, lẹ́yìn àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n wọn ò tíì hù. Mo mọ ohun tó wá sí yín lọ́kàn. Ní ìwọ̀nba oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n fo orúkọ yín nígbà tí wọ́n ń yan ìpẹ́kítọ̀, ọ̀gá àwọn awakọ̀, ní gárééjì, wọ́n mú ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ níṣẹ́.

Inú mọ́tò ni mo wà, mo ti dé akoto, nígbà tí mo rí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń rìn bọ̀ láàárín pápá. Ọkùnrin tó di àsíá tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré mú rí fìlà yín, ó rò pé ọ̀gá kan láti kánsù ni, ló bá ká àsíá kó. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ń bú, kò sẹ́ni tó lè gbéra. Ẹ ní, “Ọmọ mi kọ́ lẹ máa fi sẹ́yìn.” Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ tún un sọ ní òyìnbó. “Ẹ gbé e síwájú. Àbí torí àwọ̀ ẹ̀ ni?” Wọ́lì yọ láti ojú fèrèsé mọ́tò rẹ̀, ó wá bá yín pẹ̀lú pẹ̀lẹ́.

“Sà, ẹ̀yìn ni ibi tó dáa jù. Èmi náà wà níbẹ̀.”

“Ìwọ lo mọ̀,” lẹ fi dá a lóhùn. “Bó bá dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ò sí níwájú?”

Wọ́lì rọra mú yín padà síbi tí ẹ jókòó sí. Títí tó fi kú ló ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn, kì í rí mi kó má mẹ́nu bà á. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti ń pè mí ní Bọ́ọ̀sì.

Mo wa mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Bí àsíá ṣe wálẹ̀, mo la àárín àwọn olórùlé funfun kọjá bí ọ̀bẹ tó gba inú bọ́tà. Dẹ́ńìsì kọ lù mí, n ò yẹ̀. Ní kọ́nà tó gbẹ̀yìn, mo fi bọ́ńpà kan Wọ́lì pẹ́, bí òun gan-an ṣe ń ṣe, wáyà gbà á. Èmi ni mo gba ipò kìíní. Mo yọ akoto, mo wo ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹ̀yìn yín ni mo rí. Ẹ ti kọ ẹ̀yìn sí pápá, ẹ fún áńkáṣífù yín mọ́ ọwọ́ méjèèjì.

Ìgbà wo lẹ yí padà? Ṣé ìgbà tí Dẹ́ńìsì kọ lù mí ni, tàbí kí a tó gbéra rárá? Àbí ẹ rí gbogbo ẹ̀, ẹ kàn yí padà ní ìparí kí n má baà rí ojú yín? N ò bi yín. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ lọ sílé, ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó ń tẹ bíréèkì gìrìgìrì lẹ ń sọ. Ẹ ò wá mọ́, ẹ ò sì mẹ́nu bà á títí ẹ fi lọ. Mo ti ń gbé ìbéèrè yìí kiri láti ìgbà yẹn.

Mo tún ti dìde. Mo wo mọ́tò, ó wà níbẹ̀.

Líńdà, ọmọ Dẹ́ńìsì, ló ń ṣètò ti ọ̀la, ní pápá kan lọ́nà Kent. A máa rọra wa àwọn mọ́tò àtijọ́ yípo, kò ní sí ìkọlù. Ó fi bí a ṣe máa tò ránṣẹ́ sórí fóònù, Ṣìdí ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló kà á fún mi.

“Daddy, iwájú ni wọ́n fi yín sí o.”

“Iwájú wo?”

“Iwájú gan-an. Ẹ wo bí wọ́n ṣe mọyì yín.” Ó ti ń fi ránṣẹ́ sí àwọn àǹtí rẹ̀.

“Níbi táwọn olórùlé funfun ń wà?”

“Daddy, kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ṣé kí wọ́n gbé yín gẹṣin ni?”

Mo gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú mi. Èmi, olórùlé pupa, kí wọ́n tò mí síbi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, torí pé mo ti darúgbó. Láàárọ̀ àná ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé Líńdà ní East Dulwich. Kó tó ṣílẹ̀kùn tán ni mo ti ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti di ọmọ kékeré?”

“Ẹ káàárọ̀ náà, Bọ́ọ̀sì,” ló ní. “Ṣé ẹ máa mu tíì ká tó jà?”

Mo jókòó. Ó gbé tíì wá, ó jókòó sí iwájú mi, ojú bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ní. Ó ní, “Ẹ̀yìn, àwọn tó ti lọ ni mo fi síbẹ̀. Mọ́tò bàbá mi máa wà níbẹ̀, kò ní sẹ́ni nínú ẹ̀. Ti Wọ́lì náà. Wọn ò ní kúrò lójú kan. Nínú àwọn olórùlé pupa ayé ìgbà yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ kù, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú káwọn yòókù tẹ̀ lé yín. Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ẹ̀yìn, kí n fi yín síbẹ̀?”

Tíì yẹn gbóná, bẹ́ẹ̀ náà ni mo mu ún.

Ẹ̀jẹ̀ yín ni, Bàbá. Ẹ bínú pé wọ́n fi mí sẹ́yìn, iyì ni wọ́n ń bù fún mi. Èmi náà bínú pé wọ́n gbé mi síwájú. Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti fi mí rẹ́rìn-ín, tàbí kí ẹ tiẹ̀ sọ pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ara mi ò tíì balẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ní láyé, ẹ̀yìn ni mo ti bọ̀ wá mú un. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lé ẹni tó wà níwájú. Ní gbogbo ìgbà ni mo ń rí ìdí mọ́tò Wọ́lì, tàbí ti Dẹ́ńìsì, mo mọ ibi tí mo ń lọ. Lọ́la, bí mo bá gbójú sókè, ilẹ̀ gbalasa ni. Kí ni mo fẹ́ máa wò? Líńdà ní bí n ò bá wá, òun ò ní fi ẹlòmíì sí iwájú, kí ó ṣófo bí ẹ̀yìn. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Kí iwájú ṣófo, kí ẹ̀yìn ṣófo, kí àwọn ọmọ tí ò mọ Wọ́lì, tí ò mọ Dẹ́ńìsì, máa yípo láàárín bí adìẹ tó ṣìnà ilé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta wọlé. Mo jókòó sínú mọ́tò náà lórí tírélà, àwọn aládùúgbò ń wò mí. Mo mú áńkáṣífù jáde, mo nu sitiárìn yíká, láti òkè lọ sí ọ̀tún, láti ọ̀tún lọ sí ìsàlẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó gbé bọ́ọ̀sì. Mo sọ Bísímílà tí ẹ máa ń sọ lábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀yin kì í nù ún láìgbéra. Bí mo ṣe nù ún tán ni mo mọ̀ pé màá lọ.

Mo pe Líńdà lórí fóònù, mo ní kó fi àyè kan kún àyè tó wà lẹ́yìn. Ó ní fún ta ni. Mo ní fún awakọ̀ kan tó dá eré dúró lọ́jọ́sí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, àyè náà máa gba bọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, Bàbá, wọ́n ti gbé mi síwájú bí ẹ ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn, láàárín Wọ́lì àti Dẹ́ńìsì. Ẹ má bá alásíá jà. Ẹ jókòó, ẹ dé fìlà yín. Bí mo bá sì ń bọ̀ ní kọ́nà tó gbẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, pápá ni kí ẹ kọjú sí.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń kọ lu mọ́tò, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín.